Ẹnu Tí Mo Gbé Wá sí Èkó

Ọjọ́ ọdún ìtúnu àwẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ẹnu mi ti kú.

Kí ọjọ́ náà tó dé, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gbẹ nínú ilé wa. Inú àwẹ̀ la wà, oòrùn Èkó sì ń ràn bí ẹni pé a ṣẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò wá jókòó máa wò ó pé ẹnu tòun gbẹ ju ti ẹlòmíràn lọ? Bí a bá ṣínu, màá mu omi títí ikùn mi yóò fi máa pariwo, kí n sì tó kírun tán, ẹnu náà á tún ti gbẹ. Mo ní àwẹ̀ ni. Oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi, mo ní àárẹ̀ ni. Nígbà tó wá di àárọ̀ ọdún, tí a kírun dé, tí wọ́n gbé ìrẹsì àti adìyẹ síwájú mi, mo fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó dà bí ìgbà tí mò ń jẹ bébà. Mo bu ata sí i. Ata náà ń ta mí lára ahọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní adùn, kò ní iyọ̀, kò ní nǹkan kan nínú. Mo wo àwọn tó jókòó tì mí. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì ní kí wọ́n bá òun kí ẹni tó se ọbẹ̀. Èmi náà ní ọbẹ̀ náà dùn. Mo ń bu ìrẹsì náà sẹ́nu nìṣó, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ mi lè rò pé mo kàn ń ṣe ojo ni. Gbogbo èèyàn ló ń fi ẹnu jẹun, ṣùgbọ́n tèmi ni wọ́n torí rẹ̀ mú mi wá sí Èkó.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ wa nílé ìwé, tí a sì ń fi Yorùbá bú ara wa tí a bá jáde. Kétu náà ni mo sì wá sí ní Èkó. Lọ́jọ́ tí mo dé, nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó jókòó níwájú ilé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

“O kúrò ní Kétu, o wá sí Kétu? A jẹ́ pé o ò tíì rìn rárá nìyẹn!”

Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti sọ mí di Àgànyìn. Yorùbá ni mò ń sọ sí wọn, èdè ìyá mi àti ìyá ìyá mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti lanu, wọ́n á ní, “Àgànyìn, kí lo sọ?” Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó máa ń ká mi lára kí n gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, kí wọ́n sì máa wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Ká ní èdè mi yàtọ̀ pátápátá ni, ǹ bá ti kọ́ tiwọn. Kí ni mo fẹ́ kọ́ nínú èyí tí mo ti mọ̀?

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo wá. Gbogbo ọjà ń pè é ní Àlájà, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo fi ẹbí bojú sá fún iṣẹ́. Kí wọ́n tó bí mi ló ti wá sí Èkó. Gààrí ló ń tà ní Mile 12, àpò-àpò, fún àwọn tó ń lọ tún un tà. Lẹ́yìn tí a sin bàbá mi, ó pe ìyá mi lórí fóònù, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa bọ̀. Ó ní ẹnu òun ti di ẹnu àgbà, òun ò mọ gààrí tó kan yàtọ̀ sí èyí tí kò kan mọ́, àwọn tó ń kó ọjà wá sì ti ń fi ìyẹn rẹ́ òun jẹ. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọbìnrin yẹn ní ẹnu.

Mo ní ẹnu lóòótọ́. Ibi tí ìyá mi ti ń yan gààrí ni mo dàgbà sí, nínú èéfín. Bí mo bá da díẹ̀ sẹ́nu, mo lè sọ bóyá wọ́n kánjú gbé ẹ̀gẹ́ náà kúrò lábẹ́ òkúta tàbí wọ́n jẹ́ kó pẹ́, bóyá iná ti pọ̀ jù, bóyá òjò ti kàn án nínú ọkọ̀ tí wọ́n wá tún un sá. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún Àlájà nìyẹn. Bí ọkọ̀ ọjà bá dé láàárọ̀, wọn á tú ẹnu àpò, màá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbúnwọ́, màá bu gààrí láti ìsàlẹ̀, nítorí òkè ni wọ́n máa ń kó èyí tó dáa sí. Màá dà á sẹ́nu, màá rún un, màá tu ú dànù, màá wá sọ̀rọ̀. Èyí kan, ti mímu ni. Èyí wà fún ẹ̀bà. Èyí ti bu nísàlẹ̀, ẹ gbé e padà. Nígbà tó yá, ẹnì kan wá láti Òjòtá, ó dúró níwájú ìsọ̀, ó ń béèrè Àgànyìn tó mọ gààrí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ náà wù mí.

Eruku ọjà ló kọ́kọ́ fẹ́ lé mi padà sílé. Tí wọ́n bá ń da gààrí láti àpò kan sí òmíràn, funfun ni gbogbo ojú ọ̀run ìsọ̀ wa máa ń rí. Mo ń sín láti àárọ̀ dalẹ́, omi ń dà nímú mi, ojú mi wú. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé yẹn, Àlájà wò mí títí, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì fún mi ní oògùn róbótó kékeré kan.

“Gbé e mì. Ojoojúmọ́ ni kó o máa lò ó. Òun ni èmi náà fi dúró nínú eruku yìí. Ìyá tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà tí mo dé ló fi mọ̀ mí.”

Kátà là ń pè é. Gbogbo wa ní ìlà gààrí là ń lò ó, àwọn tó ń ru oògùn kiri inú ọjà sì ń tà á fún wa bí ẹni ń ta gúgúrú. Kí ọ̀sán ọjọ́ náà tó pọ́n, imú mi ti gbẹ. Mo fẹ́ sunkún nítorí ayọ̀, nítorí pé ẹnì kan ní Èkó rí i pé ara ń ni mí. Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ti ń so kátà mọ́ etí ìró.

Nínú àwẹ̀, Àlájà kì í jẹ́ kí n tọ́ gààrí wò. Ọwọ́ àwọn tó ti mọ̀ tipẹ́ nìkan ló ti ń rà á. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè mọ̀. Lọ́jọ́ kejì ọdún, nígbà tí a ṣí ìsọ̀ padà, mo da gààrí sẹ́nu, ó wà níbẹ̀ gbẹrẹfu bí iyanrìn. Mo rún un, kò yọ́. Mo fẹ́ tu ú dànù, kò sí itọ́ tí màá fi tu ú. Mo fi ìka kó o jáde ní ẹ̀yìn àpò, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi.

Ẹ̀rù iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń bà mí. Bí àìsàn bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ mú un. Ó máa ń gbé ìkòkò omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, á mu, á tún mu, á dìde lọ tọ̀, á padà wá mu. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, á máa dún pà, pà. A fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nínú ilé, àwọn ọmọ kékeré á máa sín in jẹ. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ fún wa pé àtọ̀gbẹ ni, egbò ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò fẹ́ jinná. Ẹsẹ̀ náà ló kọ́kọ́ lọ, òun fúnra rẹ̀ wá tẹ̀lé e. Àwọn tó wá kí wa ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń rìn nínú ìdílé. Ojú mi ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, nítorí èmi ni mo jọ ọ́ jù.

Nítorí náà, mo pa ẹnu mọ́. Bí ìyá mi bá pè mí ní ọjọ́ Jímọ̀, ohun kan náà ló máa ń kọ́kọ́ béèrè.

“Ṣé o ń jẹun?”

“Mò ń jẹun, Ìyá. Oúnjẹ Èkó dùn.”

“Kò rẹ̀ ẹ́?”

“Kò rẹ̀ mí rárá.”

Màá tètè dágbére fún un, màá gbé omi inú ọ̀rá sẹ́nu, màá fà á tán. Bí mo ṣe ń mu omi tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni mò ń lọ tọ̀ ṣáá, ìtọ̀ tí mò ń tọ̀ náà sì tún ń já mi láyà, nítorí bàbá mi náà ń tọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi ní balùwẹ̀. Tí ẹ̀fọn bá jẹ mí pẹ́nrẹ́n, màá máa ṣọ́ ibẹ̀ títí yóò fi san.

Mo fi ọgbọ́n bi ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé kí ni wọ́n ń lò sí ẹnu tí kò mọ adùn. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ń ṣe. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi fi álọ́ọ̀mù yọ ẹnu. Mo fi yọ ọ́, gbogbo inú ẹnu mi fún pọ̀ bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn. Ó ní kó jẹ orógbó. Mo jẹ ẹ́. Ó ní kó rún ata tútù kó fi jí ahọ́n náà. Mo rún ata, ètè mi bó, igun ẹnu mi là, ahọ́n ò sì jí. Lọ́jọ́ kẹta tí mo tún lọ bá a, ó wo ètè mi, ó ní, “Ọ̀rẹ́ ẹ yìí ṣá, ó ń jìyà o.”

Ní ìsọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́, imú àti etí ṣe iṣẹ́ ẹnu. Màá pa gààrí lọ́wọ́, màá gbóòórùn rẹ̀, màá jẹ́ kó dà sínú abọ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń dún, màá wá lanu bí ẹni tó rún nǹkan. Ṣùgbọ́n imú tí kátà ti gbẹ, kí ló fẹ́ gbọ́? Ojoojúmọ́ tí ọkọ̀ ọjà bá dé, àbá ni mo kàn ń dá.

Obìnrin tó wá láti Òjòtá nígbà yẹn, Mọ́mì Tólú, tó ń se oúnjẹ tà, ló dá àpò kan padà. Kò tíì wọ inú ìsọ̀ tó ti ń pariwo.

“Àlájà, ẹ wo nǹkan tẹ́ ẹ tà fún mi! Gààrí yìí ti bu! Gbogbo kọ́sítọ́mà mi ló ń tu ú dànù o!”

Àlájà bu díẹ̀ níbẹ̀, ó dà á sẹ́nu, ó rún un. Ó dúró. Ó tún bu òmíràn. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, ó wá kọjú sí mi.

“Tọ́ ọ wò.”

Mo dà á sẹ́nu. Iyanrìn ni. Ó há mi lọ́nà ọ̀fun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

“Ṣé ó bu?” Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi mí.

“Ẹ̀yin náà ti tọ́ ọ wò, Àlájà.”

“Ìwọ ni mo bi.”

Àwa méjèèjì dúró, gààrí wà lẹ́nu wa. Mọ́mì Tólú wo èmi, ó wo Àlájà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí o? Èèyàn méjì ò mọ gààrí tó ti bu?” Àlájà ní kí wọ́n gbé àpò mìíràn fún un. Mo rò pé inú ló ń bí i sí mi. Ṣùgbọ́n ojú tó ṣe kì í ṣe ojú ìbínú, ó dà bíi tèmi ní ọjọ́ ọdún. Kò yé mi. Ẹni tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹnu òun ti kú, kí ló tún ń bà á lẹ́rù?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá mi pè. Mo ní mò ń jẹun. Mo ní kò rẹ̀ mí.

“Tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ,” ó ní.

“Mo ní kò rẹ̀ mí, Ìyá.”

“Ẹnu ẹ ń dún. Ẹnu ẹ ń dún bíi ti bàbá ẹ.” Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. “Ọmọ mi, lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò lágbára láti sin ẹnì kejì.”

Mo lọ sí ọsibítù ìjọba kan ní ìtòsí Ìkòsì láìsọ fún Àlájà. Dókítà tó rí mi kò jù mí lọ, obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Ó ní kí n la ẹnu, ó tan iná sí i, ó ní kí n yọ ahọ́n. Ó bi mí bóyá mò ń lo oògùn kankan. Mo ní rárá. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Rárá. Oògùn oorun? Rárá, mà. Wọ́n gún mi níka, wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Mo di ojú mi. Mo rí ìkòkò omi bàbá mi bó ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

“Àǹtí, ẹ la ojú yín. Ṣúgà yín normal.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Kàkà kí ọkàn mi balẹ̀, ńṣe ni ẹ̀rù mìíràn tún dé. Tí kì í bá ṣe èyí tí mo mọ̀, kí wá ni?

Dókítà ní ohun tó ń fà á pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnu lèèyàn fi ń mí tó bá sùn. Ó lè jẹ́ àìmu omi tó, tàbí ẹnu tó ti ní kòkòrò, tàbí àìsàn tó mú ibi tí itọ́ ti ń sun jáde. “Ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń rí níbí, oògùn ló máa ń fà á fún wọn jù, ẹ sì ní ẹ ò lo oògùn.” Fáànù ń yí lókè wa, eruku ń fò láti orí àwọn fáìlì, mo bá sín. Mo tún sín. Láìronú rárá, mo tú etí ìró mi, mo ju kátà sẹ́nu. Ó lẹ̀ mọ́ ahọ́n mi, mo ń fi omi lé e.

Dókítà ti dìde dúró.

“Kí lẹ gbé mì yẹn?”

“Kò sí, mà. Kátà ni.”

“Oògùn nìyẹn, Àǹtí!”

“Rárá, mà. Kátà ni. Gbogbo wa là ń lò ó lọ́jà.”

Ó gba ìyókù lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó jókòó padà. Ó bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́. Mo ní ìgbàkígbà tí imú bá ti ń yọ mí lẹ́nu. Láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó.

“Ohun tó ń gbẹ imú yín ló ń gbẹ ẹnu yín. Kò mọ̀ pé imú nìkan lẹ rán òun sí. Itọ́ ló sì ń gbé adùn oúnjẹ dé ara ahọ́n. Tí itọ́ ò bá sí, ahọ́n ò lè mọ nǹkan kan.”

Ó ní kí n dá a dúró. Ó ní kí n máa da aṣọ bo imú tí wọ́n bá ń da gààrí, ó sì kọ oògùn tí wọ́n ń fín sí imú fún mi dípò rẹ̀. Kí n máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí n má máa fà á bíi ràkúnmí. Kí n máa rún pákò kí itọ́ lè sun. Nígbà tí mo dárúkọ álọ́ọ̀mù àti ata, ó di orí mú. Ó ní òun ò lè ṣèlérí ọjọ́ tí adùn máa padà, kí n padà wá tí kò bá padà, wọ́n á wá a síwájú sí i.

Mo ń rìn lọ sílé, inú mi ń dùn, àfi bí mo ṣe dúró lójijì lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kétu. Àlájà. Kátà kan náà. Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí gan-an: kì í ṣe àánú ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀rù ni. Bí ẹnu rẹ̀ bá jí, kí ló fẹ́ fi tèmi ṣe? Ẹnu ni mo gbé wá, kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ mi. Nílé, àwọn tó ń wo ojú mi pé mo jọ bàbá mi ṣì wà níbẹ̀. Kétu ti ibí ò sì tíì sọ mí di ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àlájà ń ṣe àlùwàlá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tó fi omi yọ ẹnu tó sì ń bá mi sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ahọ́n rẹ̀. Pà, pà. Mi ò lè dúró mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Inú bí i gan-an. “Ṣé èmi ni mo kó àìsàn bá ẹ? Oògùn tí mo fi ṣàánú ẹ?” Ó lọ kírun. Nígbà tó dé, ó jókòó sórí àpò, ó tú etí ìró rẹ̀, ó ń wo àwọn róbótó kékeré náà.

“Ìyá tó fún mi,” ó ní, “àwa tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé kò mọ iyọ̀ fi sọ́bẹ̀.”

Mo mú un lọ bá Dókítà. Dókítà sọ fún un pé ti ẹni tó ti lò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè má padà tán, àgbà náà ní tirẹ̀ nínú. Àwa méjèèjì dá kátà dúró, tèmi ló sì kọ́kọ́ padà. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fún sínú omi, mo mu ún, ohun kan fún mi pọ̀ nísàlẹ̀ etí, itọ́ sì sun bí ìgbà tí omi bá yọ nínú kànga. Títí dòní, tí mo bá jí, ahọ́n ni mo máa ń kọ́kọ́ fi kan òkè ẹnu, kí n mọ̀ bóyá ó tutù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ọjà dé. Kí n tó débẹ̀, Àlájà ti ti ọwọ́ bọ àpò, ó ti da gààrí sẹ́nu. Ó di ojú. Ó fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ etí rẹ̀. Ó tu ú sílẹ̀, ó sì ń wo itọ́ náà lórí ilẹ̀ bí ẹni tó rí owó he.

“Ó kan,” ó ní. “Ó kan dáadáa.”

Ó ń pariwo rẹ̀ fún gbogbo ìlà wa. Èmi wọ inú ìsọ̀ lọ, mo mú aṣọ tí mo fi ń bo imú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ó bá mi níbẹ̀.

“Kí lò ń ká aṣọ sí?”

“Ẹnu yín ti padà, Àlájà. Mo rò pé ẹ máa ní kí n máa lọ sílé.”

“Ilé wo?” Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi. “Ìwọ ọmọ yìí. Ìyá ẹ ló pè mí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá ẹ, o ò jẹun, o ò sọ̀rọ̀, orí ẹní lo wà. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní kó o wá gba afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ mi, o ò ní wá. Mo wá ní mi ò mọ gààrí mọ́, mo ń wá ẹnu tí yóò bá mi tọ́ ọ wò.”

Ó bu gààrí sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

“Irọ́ ni mo rò pé mò ń pa. Àfi ọjọ́ tí Mọ́mì Tólú gbé àpò yẹn dé.”